Ẹ̀rù Adùnmọ́ni: Bí Àwọn Ayàwòrán Ṣe Sọ Aginjù Di Ohun Tí Ayé Ń Sanwó Wò

Ní oṣù Èbìbí ọdún 1859, àwọn èèyàn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní Òpópónà Kẹwàá ní ìlú New York. Wọn ò wá wo eré orí ìtàgé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí olórin kankan nínú ilé náà. Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ wò. Sẹ́ǹtì 25 ni owó ìwọlé. Ẹni tó bá san án á wọ yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sì dojú kọ ohun tó jọ fèrèsé ńlá kan: férémù igi dúdú tó ga fíofío, aṣọ títa lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ tó dà lé àárín. Nínú fèrèsé yìí, òkè tí òjò dídì bo orí rẹ̀ yọ lókèèrè, omi ń já láti orí àpáta bọ́ sínú odò, igi ilẹ̀ olóoru sì kún iwájú débi pé èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ewé wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan mú awò tí wọ́n fi ń wo eré láti ọ̀nà jíjìn dání, wọ́n ń fi tú inú àwòrán náà wò ní ìwọ̀n bàtà kan sí èkejì, bí ẹni tó ń rìn nínú igbó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó sanwó wọlé lé ní 12,000.

Frederic Edwin Church ló ya àwòrán náà, ọmọ ọdún 33 láti Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ó pe iṣẹ́ rẹ̀ ní The Heart of the Andes. Ó fẹ̀ tó mítà mẹ́ta, gíga rẹ̀ sì ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Dọ́là 10,000 ni ẹni tó rà á san, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì san rí nígbà náà fún iṣẹ́ ayàwòrán ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣì wà láàyè. Títí di òní, ó wà ní mùsíọ̀mù Metropolitan ní New York, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti yọ aṣọ títa náà kúrò.

Kí ló ń gbé akọ̀wé ọ́fíìsì, ìyàwó ilé àti oníwàásù lọ síwájú òkè tí wọn kò ní fẹsẹ̀ tẹ̀ láéláé, tí wọ́n sì ń fowó ara wọn san án?

Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ireland kan ti gbìyànjú ìdáhùn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Edmund Burke kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tó tẹ ìwé kan jáde ní London lọ́dún 1757, lórí ohun tó ń mú kí nǹkan rẹwà àti ohun tó ń mú kí nǹkan ju ẹwà lọ. Ẹwà, lójú tirẹ̀, wà lára ohun kékeré, ohun tó ń dán, ohun tí kò ní igun ṣóńṣó. Èkejì ni òkè tí orí rẹ̀ wọnú ìkuukùu, òkun tó ń ru, òkùnkùn biribiri, ariwo omi tó ń já, ìdákẹ́rọ́rọ́ tó pọ̀ lápọ̀jù, gbogbo ohun tí ojú bá wò tí kò rí òpin rẹ̀. Sublime ni orúkọ tó fún un. Ẹ̀rù adùnmọ́ni ni a ó máa pè é níhìn-ín. Burke ní ẹ̀rù ni gbòǹgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí kò lè dé ara ni. Ẹni tó wà lábẹ́ òrùlé ló ń dúró lójú fèrèsé wo mànàmáná, tó ń pe ọmọ rẹ̀ pé kó wá wò ó. Ẹni tí ìjì ká mọ́ ọ̀nà oko, ibi tí yóò forí pamọ́ sí ló ń wá, kò ráyè ìran wíwò.

Immanuel Kant, ará Jámánì, tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò lọ́dún 1790. Ó ní kì í ṣe òkè gan-an ló ga, ọkàn ẹni tó ń wò ó ni, nítorí ara lè kéré sí òkè ṣùgbọ́n làákàyè lè yí òkè náà po. Ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ ni, àmọ́ ti Burke ló wúlò fún ayàwòrán jù. Ó to ohun èlò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: òkùnkùn, gíga, jíjìn, agbára, àìlópin. Ayàwòrán tó bá ka ìwé náà tán lálẹ́ lè gbé búrọ́ọ̀ṣì láàárọ̀.

Ẹni tó lo ohun èlò wọ̀nyí débi tí àwọn èèyàn fi dákẹ́ níwájú iṣẹ́ rẹ̀ ni Caspar David Friedrich, ará Jámánì bíi Kant. Ní ìlú Berlin lọ́dún 1810, ó gbé àwòrán kan kalẹ̀ tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Etí òkun wà nísàlẹ̀, iyanrìn tó funfun. Òkun dúdú tín-ínrín wà lókè rẹ̀. Gbogbo ìyókù, ojú ọ̀run ni. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ àwọn ẹlẹ́sìn àdáwà dúró létí omi, ó kéré bí èèrà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Kò sí igi, kò sí ilé, kò sí ọkọ̀, kò sí ohun tí ojú lè dì mú. Ọba Prussia ló rà á. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ìmọ́lẹ̀ infrared yẹ abẹ́ ọ̀dà náà wò ní ayé òde òní, wọ́n rí i pé Friedrich ti kọ́kọ́ ya àwọn ọkọ̀ ojú omi sórí òkun náà. Òun fúnra rẹ̀ ló pa wọ́n rẹ́. Òfìfo tó ń dẹ́rù bani yẹn kò dédé wà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ẹni tó ṣe é sì mọ ohun tó ń yọ kúrò. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ lóye àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà tó tẹ̀ lé e fi èyí sọ́kàn, nítorí yíyọ kúrò àti fífi kún ni gbogbo ìtàn náà.

Thomas Cole ni wọ́n máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn ti Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà láti ilẹ̀. Bolton ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1801, láàárín àwọn ilé ìṣẹ́ òwú àti èéfín wọn, kí òun àti ẹbí rẹ̀ tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1818. Lọ́dún 1825 ó gba ojú odò Hudson lọ sókè New York, sí àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Catskill, ó padà wá pẹ̀lú àwọn àwòrán tó gbé sójú fèrèsé ìsọ̀ kan. Gbajúmọ̀ ayàwòrán kan, John Trumbull, ń kọjá, ó rí wọn, ó ra ọ̀kan, ó sì sáré lọ pe ọ̀rẹ́ méjì wá láti ra àwọn yòókù. Dọ́là 25 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tó dàgbà sí abẹ́ èéfín rí igbó lọ́nà tí ẹni tí wọ́n bí sínú igbó kò lè gbà rí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù, lójú ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, ni èyí tó yà lọ́dún 1836 láti orí òkè Holyoke ní Massachusetts, tí gbogbo ayé mọ̀ sí The Oxbow. Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú pín àwòrán náà sí méjì. Lápá òsì, igbó ni: igi tí ààrá ti ya, ìkuukùu dúdú tí òjò ṣì ń rọ̀ láti inú rẹ̀. Lápá ọ̀tún, òjò ti dá, oòrùn ràn, odò Connecticut sì yí kọ́rọ́kọ́rọ́ gba àárín oko tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti dá, tí wọ́n ti fi ọgbà yí ká. Àárín igbó àti oko, nísàlẹ̀ pátápátá, ọkùnrin kan tó dé fìlà jókòó láàárín àpáta, ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Cole fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ló ti wo àwòrán náà lọ láìrí i. Kò sọ fún wa ibi tó fara mọ́, bóyá apá ìjì ni tàbí apá oko. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan náà ó kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ojú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tó ti ń dárò igi tí àáké ń gé lójoojúmọ́. Àwọn tó ń ra àwòrán rẹ̀ náà ló sì ń ra àáké.

Church ni akẹ́kọ̀ọ́ Cole. Ó gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ láti 1844 sí 1846, Cole sì kú lọ́dún 1848. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ yìí fi ta ọ̀gá rẹ̀ yọ ni ibi tó ń gbé ẹni tó ń wòran dúró sí. Àwọn tó ti ya omi Niagara ṣáájú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra, nítorí gbogbo àlejò tó bá dé Amẹ́ríkà ló ń lọ síbẹ̀. Wọ́n máa ń ya etídò síwájú, wọ́n á gbin igi kan sí i, wọ́n á fi olùwòran kan tó wọ kóòtù sí i, omi á sì wà lókèèrè, ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Lọ́dún 1857, Church gé gbogbo ilẹ̀ yẹn dànù. Àwòrán rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó fẹ̀ ju mítà méjì lọ, omi ló sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ férémù gan-an. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀. Ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ dúró lórí omi, ní etí ibi tó ti ń já, ẹ̀ka igi kan ṣoṣo tí omi ń gbá lọ ló sì wà níbẹ̀ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí ni Burke ń wí: omi náà gbé ọ lọ tán, bàtà rẹ kò sì rin. Wọ́n gbé e lọ sí London, wọ́n sì máa ń sọ pé John Ruskin, ọ̀gá àwọn alárìíwísí iṣẹ́ ọnà nígbà náà, lọ yẹ fèrèsé yàrá wò bóyá gíláàsì rẹ̀ ló ń sọ òṣùmàrè sórí kánfáàsì. Ó gba àmì ẹ̀yẹ ní ìpàtẹ àgbáyé ti Paris lọ́dún 1867.

Ṣùgbọ́n Niagara jẹ́ ibi tó wà lóòótọ́. The Heart of the Andes kò sí níbì kankan. Church ti rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀mejì sí Gúúsù Amẹ́ríkà, lọ́dún 1853 àti 1857, ó ń tọ ipasẹ̀ Alexander von Humboldt, onímọ̀ ará Jámánì tó ti gbìyànjú láti gun òkè Chimborazo ní Ecuador lọ́dún 1802, tó sì kọ̀wé pé kí àwọn ayàwòrán wá sí ilẹ̀ olóoru wá wo bí ìṣẹ̀dá ṣe so pọ̀ láti ibi gbígbóná nísàlẹ̀ títí dé ibi òjò dídì lókè. Church ya ewé kan níbí, àpáta kan lọ́hùn-ún, ó padà sí New York, ó sì to gbogbo wọn pọ̀ di ilẹ̀ kan. Ó gbèrò láti fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí Berlin kí baba náà fojú ara rẹ̀ rí i. Humboldt kú ní ọjọ́ 6 oṣù Èbìbí ọdún 1859, nígbà tí èrò ṣì ń wọ́ lọ wò ó ní New York. Ní oṣù Bélú ọdún kan náà, ìwé Darwin lórí bí ẹ̀dá ṣe pilẹ̀ jáde, ilẹ̀ tí ohun gbogbo ti ń gbé ní ìrẹ́pọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí di ibi ìjàkadì lójú àwọn tó ń ronú.

Albert Bierstadt kò fi irú ìrònú bẹ́ẹ̀ dá ara rẹ̀ lágara. Jámánì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1830, Massachusetts ló dàgbà sí, Düsseldorf ló ti kọ́ iṣẹ́, ó sì ní ojú ọjà. Lọ́dún 1859 ó bá Frederick Lander, tó ń wá ọ̀nà ẹlẹ́rù fún ìjọba, lọ sí àwọn òkè Rocky. Ohun tó gbé wá láti ibẹ̀ di àwòrán ọdún 1863 tó ju mítà mẹ́ta lọ ní fífẹ̀: òkè tí òjò dídì bò, omi tí oòrùn ń tàn sí bí ẹni pé iná ìtàgé ni, àti níwájú, ibùdó àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Shoshone pẹ̀lú àgọ́, ẹṣin àti ẹran tí wọ́n pa. Ó fi orúkọ Lander, tó ti kú nígbà ogun abẹ́lé, sọ òkè náà. Lọ́dún 1865, ọkùnrin kan tó ń fowó ṣòwò rélùwéè ní London rà á ní dọ́là 25,000. Òkè tó wà nínú àwòrán ga, ó sì ṣe ṣóńṣó ju èyí tó wà ní Wyoming lọ. Mark Twain, tó mọ California dáadáa, wo òmíràn nínú àwọn àwòrán rẹ̀ lọ́dún 1867, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jọ ti ìjọba ọ̀run ju ti California lọ. Nígbà tí Bierstadt wá fẹ́ ya òkè Sierra Nevada fún àwọn ará Yúróòpù, ìlú Rome ló jókòó sí tó fi yà á, lọ́dún 1868.

Ó rọrùn láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn alárìíwísí ìgbà ayé rẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró níwájú Among the Sierra Nevada ní mùsíọ̀mù Smithsonian ní Washington yóò rí i pé irọ́ náà ní ọgbọ́n nínú. Bierstadt mọ̀ pé àwòrán kò lè ga tó òkè, nítorí náà ó fi ìkuukùu gé òkè láàárín, kí ojú má baà lè wọ̀n ọ́n. Ohun tí a kò rí ìdí rẹ̀ la máa ń rò pé kò lópin. Burke ti sọ èyí nípa òkùnkùn. Bierstadt fi ìmọ́lẹ̀ ṣe é.

Ìtàn Thomas Moran ló dùn jù, torí àwòrán tirẹ̀ dá sí ọ̀ràn ìjọba. Bolton ni wọ́n ti bí òun náà, ìlú Cole gan-an, lọ́dún 1837. Lọ́dún 1871, ìwé ìròyìn Scribner's gbé iṣẹ́ kan fún un: kó tún àwọn àwòrán játijàti kan yà, ti ibì kan ní ìwọ̀-oòrùn tí wọ́n ń pè ní Yellowstone, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú jáde láti inú ilẹ̀ sójú ọ̀run, tí ẹrọ̀fọ̀ sì ń hó. Ó yà wọ́n láìtíì débẹ̀. Ojú ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Olówó báńkì kan, Jay Cooke, tó ń ta ìwé ìpín fún rélùwéè Northern Pacific, yá a ní dọ́là 500, nítorí rélùwéè tí yóò gba àgbègbè náà nílò ohun tí yóò wu èrò láti lọ wò. Bí Moran ṣe dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ ìwádìí ìjọba tí Ferdinand Hayden ṣáájú nìyẹn. Ọkùnrin tín-ínrín ni, kò gun ẹṣin rí, ó sì fi ìrọ̀rí sórí gàárì kí ara rẹ̀ tó lè gbà á. Ayàfótò William Henry Jackson wà nínú ikọ̀ náà, pẹ̀lú ìbaaka tó ru gíláàsì àti kẹ́míkà, nítorí fótò ìgbà yẹn, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì máa ń wá ibi tó dára jù láti dúró sí papọ̀. Fótò Jackson fi hàn pé nǹkan náà wà lóòótọ́. Àwọ̀ Moran fi hàn pé òkúta rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì funfun, ó sì pupa, èyí tí fótò dúdú-òun-funfun kò lè sọ.

Ní òtútù ọdún yẹn, wọ́n gbé fótò àti àwòrán olómi náà káàkiri láàárín àwọn aṣòfin ní Washington. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1872, Ààrẹ Ulysses Grant buwọ́ lu òfin tó sọ Yellowstone, ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì éékà, di ọgbà orílẹ̀-èdè, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò tíì pé oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà tí Moran parí àwòrán ńlá rẹ̀, The Grand Canyon of the Yellowstone, tó ga ju mítà méjì lọ, tó sì fẹ̀ ju mítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ilé Aṣòfin rà á ní dọ́là 10,000. Omi tó ń já lókèèrè nínú rẹ̀ ga ní mítà 94 ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àwòrán, tín-ínrín bí òwú ni, àfonífojì ló gba gbogbo ojú. Kò sí ibì kan ṣoṣo tí èèyàn lè dúró sí ní Yellowstone tí yóò rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Moran kò fi èyí pamọ́: ó ní òun kò ka dída ojú ilẹ̀ kọ bó ṣe wà sí nǹkan kan, ìmọ̀lára ibẹ̀ lòun ń lé. Láti ìgbà náà ló ti fi lẹ́tà Y sáàárín orúkọ rẹ̀ nígbà tó bá ń buwọ́ lu iṣẹ́, Y fún Yellowstone. Ní ti Cooke, báńkì rẹ̀ wó lọ́dún 1873, rélùwéè náà kò sì dé ìtòsí ọgbà títí di 1883.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń gbé Yellowstone. Àwọn ọmọ Shoshone tí wọ́n ń pè ní Tukudika, ọdẹ àgùntàn orí òkè, ń gbé inú rẹ̀ tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ẹ̀yà mìíràn sì ti ń wa òkúta dúdú tó ń dán láti fi ṣe ọfà níbẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà púpọ̀. Láàárín ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òfin náà, ìjọba ti kó Tukudika lọ sí ilẹ̀ ìfipamọ́, ọ̀gá àgbà ọgbà náà sì ń tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀ pé ẹ̀rù omi gbígbóná ló ń ba àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọn kì í fi í débẹ̀. Nínú àwòrán Moran, ọmọ ìbílẹ̀ kan wà lórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó kan, wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi jọ ohun ìwọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ kí a lè mọ bí ọ̀gbun ṣe jìn tó.

Ti Yosemite ní California tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1851, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Mariposa Battalion wọ àfonífojì náà, wọ́n dáná sun abúlé àwọn Ahwahneechee àti oúnjẹ tí wọ́n kó pamọ́, wọ́n sì lé wọn jáde. Ọdún 12 lẹ́yìn náà ni Bierstadt dé pẹ̀lú àpótí ọ̀dà rẹ̀. Looking Down Yosemite Valley, tó yà lọ́dún 1865, kò ní ẹyọ èèyàn kan nínú. Oòrùn ń wọ̀ láàárín ògiri àpáta méjì, pápá tẹ́ rẹrẹ nísàlẹ̀, ó dà bí ọjọ́ kejì tí Ọlọ́run dá ayé. Pápá yẹn gan-an, iná tí àwọn Ahwahneechee ń sun ún lóòrèkóòrè ni kò jẹ́ kí igbó bò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, igi bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Oko olóko tí olóko kò sí nínú rẹ̀ mọ́ ni ayàwòrán yìí rí, aginjù ló sì yà.

Èyí kò sọ pé irọ́ ni ẹ̀rù adùnmọ́ni. Mítà 94 omi tó ń já yóò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tó yẹ kí a béèrè níwájú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ta ló dúró sẹ́yìn ayàwòrán, tí kò sí nínú férémù.

Àwọn ayàwòrán dúdú náà wọ agbo yìí, ìtàn wọn kò sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Robert Duncanson, tí wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ New York lọ́dún 1821, iṣẹ́ ọ̀dà ilé ló fi bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́ ara rẹ̀ ní àwòrán, ó sì fìdí kalẹ̀ ní Cincinnati, níbi tí odò Ohio nìkan ti wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ lọ́jà. Lọ́dún 1861 ó ya Land of the Lotus Eaters, ilẹ̀ olóoru tó lọ́ràá, tó ń dán, tó jọ pé ó ti wo Church dáadáa. Ṣùgbọ́n nínú tirẹ̀, àwọn èèyàn dúdú ló ń gbé oúnjẹ fún àwọn jagunjagun funfun tó sinmi ní bèbè odò, tí wọn kò sì fẹ́ padà sílé mọ́. Ọdún tí ogun lórí ẹrú bẹ́ sílẹ̀ ló ya èyí. Ó gbé e lọ sí Canada, ó gbé e lọ sí Britain, wọ́n yìn ín níbẹ̀. Ó kú lọ́dún 1872. Grafton Tyler Brown, tí wọ́n bí ní Pennsylvania lọ́dún 1841, ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ ní San Francisco kó tó gbájú mọ́ ọ̀dà. Ní nǹkan bí ọdún 1890 ó dúró sí etí àfonífojì tí Moran sọ di olókìkí, ó sì ya omi Yellowstone lọ́nà tó ṣe ṣókí, tí kò pariwo.

Lákòókò yẹn, ojú ayé ti kúrò lára kánfáàsì ńláńlá. Lọ́dún 1889, àwọn tó ń ṣa àwòrán Amẹ́ríkà fún ìpàtẹ Paris kọ iṣẹ́ Bierstadt, èyí tó ya sí ìparun ẹfọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Paris ló ń darí ọjà, kékeré àti jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì fẹ́. Àwọn iṣẹ́ tí èrò ti tò dè rí wọ yàrá ìkẹ́rùsí.

Ọ̀kan lára wọn sọnù pátápátá. Lọ́dún 1859 kan náà, Church ti wọ ọkọ̀ lọ sí òkun Labrador láti wo àwọn òkè yìnyín tó ń léfòó. Àwòrán tó ti ibẹ̀ jáde, The Icebergs, fẹ̀ ju mítà méjì ààbọ̀ lọ, yìnyín ni láti òkè délẹ̀: funfun, aró, àwọ̀ ewé, kò sí ohun ẹlẹ́mìí kankan. Ó ṣí i fún èrò ní New York ní oṣù Igbe ọdún 1861, ọjọ́ 12 lẹ́yìn tí ìbọn àkọ́kọ́ ogun abẹ́lé dún. Kò sí ẹni tó rà á. Àwọn òǹwòran ní kò sí ohun tí ojú lè fi wọn yìnyín náà, kò sì sí ibi tí ọkàn lè bà lé. Kí Church tó gbé e lọ sí London lọ́dún 1863, ó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó sì ya òpó ọkọ̀ ojú omi kan tó ti kán sórí yìnyín níwájú. Edward Watkin, aṣòfin tó tún jẹ́ ọ̀gá rélùwéè, rà á, ó sì gbé e kọ́ sílé rẹ̀ nítòsí Manchester. Watkin kú, ilé náà di ibùgbé àwọn ọmọkùnrin aláìnílé, àwòrán náà sì wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ ohun tó jẹ́. Lọ́dún 1979 ni wọ́n tó dá a mọ̀. Wọ́n gbé e lọ sí New York, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là, iye tó ga jù tí ẹnikẹ́ni ti san ní gbàǹjo fún àwòrán Amẹ́ríkà títí di ìgbà náà. Mùsíọ̀mù ìlú Dallas ní Texas ló wà báyìí, pẹ̀lú òpó kíkán náà níwájú.